Láti Agbo Ilé dé Kóòtù: Ìtàn Ẹjọ́ Ìkọ̀sílẹ̀ àti Ẹjọ́ Ọtí ní Ilẹ̀ Òkun

Ìlú Kàbà ni olú ìlú àwọn Owé, ọ̀kan nínú ẹ̀yà Yorùbá márùn-ún tí wọ́n ń pè lápapọ̀ ní Òkun nítorí ìkíni tí ó wọ́pọ̀ láàárín wọn. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá Èkìtì, Àkókó àti Ìgbómìnà pààlà, èdè Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti pín Nàìjíríà sí Àríwá àti Gúúsù ni wọ́n ti bọ́ sábẹ́ òfin Àríwá, tí àwọn ìbátan wọn tí ó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn sì ń lo òfin mìíràn. Ẹjọ́ méjì ni ìyàtọ̀ yìí ti hàn jù lọ nínú ìgbésí ayé mẹ̀kúnnù: ẹjọ́ tọkọtaya tí ó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀, àti ẹjọ́ ẹni tí ọtí mú ṣẹ̀, pàápàá ẹni tí ó mutí yó tí ó sì di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Àwọn ìbéèrè tí ó máa ń jẹ yọ nínú ẹjọ́ wọ̀nyí, bíi kóòtù tí ó yẹ kí a lọ, ẹ̀rí tí kóòtù yóò béèrè, ibi tí owó orí yóò já sí, àti ìwọ̀n ọtí tí òfin gbà láàyè, ni ìdáhùn wọn kò ṣẹ̀yìn ìtàn bí agbára ìdájọ́ ṣe kúrò lọ́wọ́ agbo ilé, tí ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 1897 títí di òní.

Kí kóòtù ìjọba tó dé

Ní ayé àtijọ́, ìdílé méjì ni ó ń fẹ́ ara wọn ní ilẹ̀ Òkun, kì í ṣe ènìyàn méjì péré. Ìdílé ọkọ yóò tọrọ ìyàwó, ọkọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa lọ ran bàbá ìyàwó lọ́wọ́ ní oko, wọn yóò gbé iṣu, obì, ẹmu àti ọtí ọkà bàbà lọ sí ilé àna, wọn yóò sì san owó orí, tí í ṣe owó tí ó fìdí ẹ̀tọ́ ọkọ múlẹ̀ lórí ìgbéyàwó náà àti lórí àwọn ọmọ tí ó bá ti ibẹ̀ wá. Nítorí pé ìdílé ni ó so ó, ìdílé náà ni ó ń tú u. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ bá sú lè kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀, kí ó sì di dálémọṣú, èyíinì ni obìnrin tí ó ti ilé ọkọ padà wá gbé lọ́dọ̀ òbí, ṣùgbọ́n ìyàwó ọkọ rẹ̀ ni ó ṣì jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí owó orí bá ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dá owó náà padà, tí ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ọkùnrin tí ó fẹ́ gbé e ni ó ń san án, ni okùn ìgbéyàwó náà tó já. Owó ìdápadà yìí gan-an ni ìkọ̀sílẹ̀. Kò sí ìwé kankan tí ó tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àwọn Yorùbá, ohun tí ó sì mú un ṣọ̀wọ́n kò ju pé ọ̀nà tí obìnrin yóò gbà jáde gùn, àwọn tí yóò dá sí i sì pọ̀.

Bí ẹjọ́ ṣe ń gòkè ní ẹsẹẹsẹ ni èyí. Baálé ilé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà àwọn àgbà ìdílé méjèèjì, lẹ́yìn náà àwọn ìjòyè àdúgbò. Èyí tí ó bá sì ta kókó jù ni yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn olóyè ńlá Owé, tí Ọbàrò, Ọbadọ́fin àti Ọbajẹ́mu jẹ́ olórí wọn. Ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyí ń wá ni bí ilé kò ṣe ní tú, nítorí náà ìdájọ́ wọn sábà máa ń parí sí ìtúúbá, owó ìtanràn tàbí ẹran tí ẹlẹ́bi yóò fi bẹ ẹbí àna rẹ̀.

Ọwọ́ tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ ọtí kò yàtọ̀ sí èyí. Ọtí wà níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìdáná, níbi òkú àgbà àti níbi ètùtù, nítorí náà kò sí òfin tí ó ka mímu rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ọ̀mùtí bá fi ọtí ṣe ni wọ́n ń bi í léèrè. Ọkọ tí ó bá ń mutí débi tí kò lè tọ́jú oko àti ilé rẹ̀, tàbí tí ó bá ń lu ìyàwó nígbà tí ọtí bá ń pa á, ni àwọn ẹbí yóò pè jókòó, bí kò bá sì yíwà padà, ìwà rẹ̀ yóò di ìdí pàtàkì tí àwọn òbí ìyàwó yóò fi gba ọmọ wọn padà láìtijú. Láti ìgbà àtijọ́, nígbà náà, ni ọ̀rọ̀ ọtí ti ń bá ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ rìn.

Ètò yìí kò rọgbọ mọ́ ní apá kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun àwọn Tápà láti Bídà ń kó ilẹ̀ Òkun, tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń kó ọkùnrin àti obìnrin lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ni ogun tú láìsí pé ìdílé kan jókòó sọ̀rọ̀, nítorí pé a kò lè dá owó orí padà fún ọkọ tí ó ti di ẹrú ní ilẹ̀ òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè bẹ ìyàwó tí wọ́n ti mú lọ sí Bídà.

Kóòtù ìbílẹ̀ àti owó orí tí wọ́n kà sórí tábìlì

Ní oṣù kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ olórí rẹ̀, gba Lọ́kọ́jà lọ sí Kàbà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Tápà fi ṣe ibùdó. Àwọn Tápà ti sá kí wọ́n tó dé, nígbà tí oṣù náà sì ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ́gun Bídà fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1900, Frederick Lugard gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà, Àríwá Nàìjíríà di ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso rẹ̀, Kàbà sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ ìṣàkóso ńlá kan, Pròfíńsì Kàbà, tí Lọ́kọ́jà jẹ́ olú ìlú rẹ̀.

Ní ọdún 1900 kan náà ni ìjọba kéde òfin tí ó dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní Àríwá. Níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀, adájọ́ onímọ̀ sharia, tí wọ́n ń pè ní alíkálì, ni ó ń jókòó. Ní ilẹ̀ bíi ti Òkun, olórí ìlú àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ni ìjọba sọ di adájọ́, wọ́n sì fún wọn ní akọ̀wé tí yóò máa kọ orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ sínú ìwé ńlá, tí yóò sì máa gba owó ìpẹ̀jọ́. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní 1933 pín àwọn kóòtù wọ̀nyí sí ìpele mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ṣe tó, kò sì gba agbẹjọ́rò láàyè láti dúró fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó.

Lójú, àwọn àgbà tí ó ti ń dá ẹjọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń dá a, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ti yí padà. Lọ́nà àkọ́kọ́, obìnrin lè pe ẹjọ́ ní orúkọ ara rẹ̀ láìdúró de bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n. Lọ́nà kejì, kóòtù ní ọjọ́ ìjókòó àti òpin, nígbà tí ìpàdé ẹbí lè máa lọ láti ìkórè kan dé òmíràn. Lọ́nà kẹta, ìdájọ́ ní ẹsẹ̀ ọlọ́pàá lẹ́yìn. Bí ìgbà ti ń lọ, ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ wá ní ìlànà tirẹ̀: adájọ́ yóò béèrè lọ́wọ́ obìnrin bóyá ó ṣì fẹ́ ọkọ rẹ̀, yóò béèrè lọ́wọ́ ọkọ iye tí ó san lórí ìyàwó, àwọn ẹlẹ́rìí ìdáná yóò jẹ́rìí sí iye náà tàbí kí wọ́n jiyàn rẹ̀, kóòtù yóò sì yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ nítorí ọmọ tí obìnrin ti bí tàbí ọdún tí ó ti lò nílé ọkọ. Owó tí ó kù ni wọn yóò kà sórí tábìlì akọ̀wé, ọkọ yóò tún un kà, yóò tẹ ìka bọ ìwé, obìnrin yóò sì gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tirẹ̀ jáde. Owó ìdápadà tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé sí ìdílé tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí ìjọba ń fi òǹtẹ̀ lù.

Àyíká ìgbà náà tún ran kóòtù lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ Òkun ń jáde lọ sí oko kòkó ní ìwọ̀ oòrùn àti sí àwọn ìlú ńlá láti wá owó orí àti owó ìṣákọ́lẹ̀, àwọn kan pẹ́ lẹ́yìn odi ju bí ìyàwó ṣe lè dúró lọ, ọkùnrin mìíràn tí ó ní owó lọ́wọ́ sì lè bá obìnrin san ìdápadà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀ nínú ìwé kóòtù débi tí àwọn àgbààgbà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń ráhùn pé kóòtù ń ba ilé jẹ́. Òwe tí ó sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ jẹ́ ẹ̀rí sí bí àwọn ènìyàn ṣe rí àyè tuntun yìí: ìlàjà ni agbo ilé ń ṣe, ẹ̀bi àti àre ni kóòtù ń pín.

Òfin ọtí tí ó kọ́kọ́ dé Kàbà, ní tirẹ̀, kò kan ọ̀mùtí rárá. Àpérò tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ní Brussels, tí ó parí ní 1890, fòfin de kíkó ọtí líle òyìnbó wọ inú apá púpọ̀ ní Áfíríkà, ìjọba Àríwá Nàìjíríà sì mú òfin náà ṣẹ nípa kíkà á léèwọ̀ láti ta irú ọtí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ìbílẹ̀. Nítorí èyí, jìnì tí wọ́n ń tà ní gbangba ní àwọn ìlú Gúúsù di ẹrù òfin nígbà tí ó bá kọjá sí ilẹ̀ Òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà ni ẹni tí ó tà á àti ẹni tí ó fẹ́ rà á ń sọ. Ẹmu àti ọtí ọkà, tí àwọn obìnrin ń pọn, kò sí nínú òfin náà. Ìgò àti oníṣòwò ni ìjọba ń lé. Ẹni tí ó yó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà.

Ìgbéyàwó oríṣi mẹ́ta

Ẹ̀sìn ni ó mú kí kóòtù kan ṣoṣo má tó mọ́. Ìsìláàmù ti wọ ilẹ̀ náà nípasẹ̀ àwọn Tápà àti àwọn oníṣòwò. Ìjọ Áńgílíkà tàn dé ibẹ̀ láti Lọ́kọ́jà, níbi tí Samuel Ajayi Crowther ti fìdí iṣẹ́ ìyìn rere múlẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjọ Àgùdà kọ́ ilé-ìwé ní Kàbà. Ní 1908 sì ni Tommy Titcombe, tí ó wá láti Kánádà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Sudan Interior Mission, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìyàgbà, níbi tí ìjọ tí ó di ECWA lónìí ti gbèrú. Ìjọ Titcombe kò fi àyè gba ọtí àti ìyàwó púpọ̀, nítorí náà ní àárín àwọn onígbàgbọ́ tuntun, ọtí mímu, tí kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rí níwájú àwọn àgbà, di ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ yọ ènìyàn kúrò nínú ìjọ.

Òfin Ìgbéyàwó tí ó jáde ní 1914 fi ìyàtọ̀ náà múlẹ̀. Láti ìgbà náà, oríṣi ìgbéyàwó mẹ́ta ni ó wà níwájú ará Kàbà. Àkọ́kọ́ ni ti ìbílẹ̀, tí owó orí àti ìdáná fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èkejì ni ti Ìsìláàmù, tí wọ́n ń pè ní yìgì, tí sàdáákì, èyíinì ni ẹ̀bùn tí ọkọ fún ìyàwó fúnra rẹ̀, jẹ́ òpó kan nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti òfin, tí wọ́n ṣe ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ tàbí ní ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní àṣẹ, tí wọ́n sì fún tọkọtaya ní ìwé ẹ̀rí ìjọba. Ibí yìí ni àṣìṣe púpọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ títí di òní, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ètò inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìgbéyàwó òfin: bí àlùfáà bá kàn gbàdúrà sí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí ìwé ìjọba kò sì sí níbẹ̀, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni ó ṣì jẹ́. Ní ìdàkejì, àwọn tí ó ṣe ìdáná ní àárọ̀ tí wọ́n sì gba ìwé ìjọba ní ọ̀sán ti so okùn méjì, dídá owó orí padà nìkan kò sì lè tú èyí tí ìjọba so.

Òfin Àríwá lórí àwọn Yorùbá

Nígbà tí òmìnira ń súnmọ́lé, àwọn kan ní Ìlọrin àti Kàbà béèrè pé kí wọ́n dá àwọn padà sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn, ìgbìmọ̀ tí Henry Willink darí sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà ní 1957 sí 1958, ṣùgbọ́n ààlà kò yí padà. Ní 1958 bákan náà ni ìjọba Àríwá yan ìgbìmọ̀ amòfin tí yóò tún òfin agbègbè náà ṣe. Sayyed Muhammad Abu Rannat, adájọ́ àgbà ilẹ̀ Sudan, ni ó jókòó lórí àga ìgbìmọ̀ náà, Peter Achimugu, ọmọ Ígálà láti inú Pròfíńsì Kàbà, sì wà lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Àbájáde iṣẹ́ wọn ni Òfin Ìwà Ọ̀daràn Àríwá ti 1959, tí wọ́n fi òfin Sudan ṣe àwòkọ́ rẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1960, nígbà tí òmìnira ku ọ̀la.

Òfin yìí mú ọ̀mùtí fúnra rẹ̀ wá síwájú adájọ́ ní ilẹ̀ Òkun. Ó sọ ìmutíyó ní gbangba di ẹ̀ṣẹ̀, ó sì tún ní abala kan tí ó fi ìyà lélẹ̀ fún Mùsùlùmí tí ó bá mu ọtí láìṣe fún oògùn, ohun tí kò sí nínú òfin ìwà ọ̀daràn Gúúsù. Ó tún sọ pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mutí yó, òfin yóò kà á sí pé ó mọ gbogbo ohun tí ìbá mọ̀ ká ní ojú rẹ̀ dá, kí ó má baà fi ọtí ṣe àwáwí. Lórí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ó ka àgbèrè sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n fún ẹni tí òfin ìbílẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ bá ti kà á sí ọ̀ràn nìkan. Ní ilẹ̀ Èkìtì tí kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ láti Kàbà, àgbèrè jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ìtanràn àti ìkọ̀sílẹ̀, kò sì sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀.

Àwọn kóòtù pẹ̀lú yí padà. Òfin 1956 ti tún kóòtù ìbílẹ̀ Àríwá tò. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, tí Kàbà sì bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara, Éríà Kóòtù rọ́pò kóòtù ìbílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó sì ń yan adájọ́ rẹ̀ dípò ọba àti ìjòyè. Ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà kúrò lórí àga ìdájọ́ pátápátá. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1979 ṣí ọ̀nà fún ìpínlẹ̀ láti ní Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ìbílẹ̀ àti ti Sharia, nígbà tí wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, ìpínlẹ̀ tuntun náà ní méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí ìdájọ́ Éríà Kóòtù kò tẹ́ lọ́rùn yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ti Ìbílẹ̀, ẹni tí ó ṣe yìgì yóò sì gbé tirẹ̀ lọ sí ti Sharia.

Òfin 1970 àti ọ̀mùtí inú ilé

Ìgbéyàwó òfin ní ọ̀nà tirẹ̀. Kí ọdún 1970 tó dé, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn adájọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé lórí ìkọ̀sílẹ̀, ó sì di dandan kí olùpẹ̀jọ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó, bíi àgbèrè tàbí ìwà ìkà, kan ẹnì kejì rẹ̀. Òfin tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1970, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ Matrimonial Causes Act, sọ ìdí náà di ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè: pé ìgbéyàwó náà ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó lè gbọ́ ọ. Éríà Kóòtù tí ó bá fọwọ́ kàn án ti kọjá àyè rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ ní láti fi ọ̀kan nínú àwọn ohun tí òfin kà sílẹ̀ hàn, lára wọn ni pé ẹnì kejì ṣe àgbèrè débi tí kò ṣeé bá gbé mọ́, pé ó fi ilé sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, pé àwọn méjèèjì ti pínyà fún ọdún méjì tí ẹnì kejì kò sì ta ko ìkọ̀sílẹ̀, tàbí pé wọ́n ti pínyà fún ọdún mẹ́ta, yálà ẹnì kejì gbà tàbí kò gbà. Pípínyà fún ọdún mẹ́ta kò tú ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà gbọ́. Ẹ̀rí lásán ni, ìdájọ́ kóòtù ni ó ń tú u.

Òfin náà kò gbàgbé ìlàjà. Kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti wá ìkọ̀sílẹ̀ kí ìgbéyàwó tó pé ọdún méjì, àfi bí adájọ́ bá fún un ní àṣẹ pàtàkì, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ adájọ́ láti wò ó bóyá tọkọtaya náà ṣì lè parí ìjà. Ìdájọ́ rẹ̀ pàápàá jẹ́ ìpele méjì: àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí kò tíì tú ìgbéyàwó tán, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ó di àṣepé, ìgbà yẹn ni olúkúlùkù sì tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Lórí ọmọ, òfin yìí yàtọ̀ pátápátá sí àṣà, nítorí pé àṣà sọ pé ọmọ ti bàbá ni, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní láti fi ire ọmọ ṣíwájú ohun gbogbo. Owó orí kò ní ipa nínú ìdájọ́ náà. Ohun tí adájọ́ lè pàṣẹ ni owó ìtọ́jú àti pípín ohun ìní.

Nínú àlàyé tí òfin ṣe lórí ìwà tí kò ṣeé bá gbé ni ọ̀mùtí ti wọlé. Bí ọkọ tàbí ìyàwó bá ti jẹ́ ọ̀mùtípara, tàbí tí ó ń fi oògùn olóró pa ara rẹ̀ lára, fún àkókò tí kò dín ní ọdún méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyẹn tó fún kóòtù láti gbà pé ìgbéyàwó náà ti fọ́. Ẹni tí ó mutí yó lọ́jọ́ ọdún kò wọ inú àpèjúwe yìí. Àṣà tí ó ti di bárakú ni òfin ń béèrè, àti ẹlẹ́rìí tí ó rí i bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ọtí lórí ọ̀nà mọ́tò

Ní ọdún 1897 kan náà tí ogun Tápà kúrò ní Kàbà, ní oṣù kẹsàn-án, kóòtù kan ní Lọ́ńdọ̀nù bu owó ìtanràn lé George Smith, awakọ̀ takisí tí ó mutí yó tí ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ilé kan. Òun ni wọ́n sábà ń kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kàbà kò ní ọ̀nà mọ́tò nígbà náà. Nígbà tí lọ́rì wá dé, tí ìlú náà sì di oríta fún àwọn tí ń bọ̀ láti Lọ́kọ́jà, Òkènè, Ìyàgbà àti Èkìtì, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ̀ lé e. Òfin ìrìnnà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1949 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti wa ọkọ̀ nígbà tí ọtí tàbí oògùn bá ti pa ènìyàn débi tí kò lè ṣàkóso ọkọ̀ dáadáa mọ́. Ìṣòro òfin yẹn ni ẹ̀rí, nítorí pé ohun tí ọlọ́pàá ní kò ju òórùn ẹnu, ojú pípọ́n àti ẹsẹ̀ tí ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lọ, awakọ̀ sì lè sọ pé oorun ni ó ń kun òun.

Ọmọ ilẹ̀ Òkun kan wà níbi tí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1977, nígbà tí David Jemibewon, ọmọ Ìjùmú, jẹ́ gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ìpínlẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ abẹnugan rẹ̀. Ìrírí ibẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ gbé yẹ̀ wò nígbà tí ó dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sílẹ̀ ní oṣù kejì 1988, pẹ̀lú Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága àkọ́kọ́. Òfin 2007 tún fún àjọ náà lágbára sí i, ìlànà ìrìnnà orílẹ̀-èdè ti 2012 sì ṣe àlàyé àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó.

Láti ìgbà náà, òṣùwọ̀n ti wọ inú ẹjọ́ ọtí. Ìwọ̀n tí òfin gbà fún awakọ̀ jẹ́ gíráàmù 0.5 ọtí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹ̀ṣọ́ yóò na ẹ̀rọ kékeré sí awakọ̀ lẹ́nu, yóò ní kí ó fẹ́ èémí sínú ọ̀pá rẹ̀ láìdáwọ́ dúró títí ẹ̀rọ yóò fi dún, iye tí ó bá sì yọ lójú rẹ̀ ni yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀. Ẹni tí ó bá rékọjá ìwọ̀n ni wọn yóò kọ ìwé ẹ̀ṣẹ̀ fún: owó ìtanràn 5,000 náírà, àti àmì ẹ̀ṣẹ̀ márùn-ún lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, tí ó lè mú kí ó pàdánù ìwé náà bí àmì bá ti pọ̀ jù. Báńkì ni wọ́n ń san owó náà sí, kì í ṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò bá sì gbà pé òun jẹ̀bi ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí kóòtù. Bí ènìyàn bá kú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwé ìtanràn, ẹjọ́ ọ̀daràn ni yóò sì dojú kọ awakọ̀ náà, níbi tí ìlànà òfin Àríwá, pé ẹni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yó kò lè fi ọtí bora, yóò ti bá a.

Ohun tí ó mú òfin yìí ṣe pàtàkì sí i ní agbègbè náà ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote tí ó wà ní Ọ̀bájànà, tí tírélà rẹ̀ kún ojú ọ̀nà, títí kan ọ̀nà Ọ̀bájànà sí Kàbà tí ó jẹ́ kìlómítà 43, tí wọ́n fi kọnkéré ṣe. Ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ewé àti egbò pò, tí wọ́n ń pè ní paraga, àti ọtí inú ọ̀rá kì í wọ́n ní gárèèjì mọ́tò. Lójú òfin, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹmu, ọtí ọkà, paraga àti bíà: èémí kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń kà, kò sì bi awakọ̀ bóyá Mùsùlùmí ni tàbí Kìrìsìtẹ́nì, bóyá ọmọ Kàbà ni tàbí àlejò.

Ohun tí ó kù fún àwọn àgbà

Bí a bá fi ìtàn méjèèjì ṣe ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a óò rí i pé ọ̀nà tí ìjọba gbà mú ọ̀rọ̀ ilé yàtọ̀ sí bí ó ṣe mú ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Lórí ìgbéyàwó, kóòtù tuntun ń wá, ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ kò lọ, nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò yóò bi ẹni tí ó fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní Kàbà ni irú ìgbéyàwó tí ó ṣe, torí pé bí wọ́n ṣe so ó ni wọn yóò ṣe tú u. Lórí ọ̀nà, òfin kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo ènìyàn, ìṣẹ́jú kan sì tó láti mọ ẹni tí ó rú u.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ó lè wọn ọdún méjì ìmutípara nínú ilé. Aládùúgbò tí ó gbọ́ ariwo lóru, ẹ̀gbọ́n tí ó ti san gbèsè ọtí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àgbà tí ó pe ọkọ jókòó tí kò yíwà padà, ni Ilé Ẹjọ́ Gíga yóò pè sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Bákan náà ni Éríà Kóòtù kò lè mọ iye owó orí tí wọ́n san láìgbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà níbi ìdáná. Láàárín 1900 sí 1970, àwọn àgbà ilẹ̀ Òkun pàdánù àga ìdájọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa ilé kọ̀ọ̀kan ṣì ni ìdájọ́ dúró lé. Ìdílé tí ó bá fẹ́ kí ìdájọ́ tọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní láti tọ́jú ìwé ìgbéyàwó, kí ó má gbàgbé iye ìdáná, kí ó sì máa dá sí ìjà tọkọtaya láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìpàdé ẹbí tí wọ́n ṣe lónìí ni ẹ̀rí tí kóòtù yóò béèrè lọ́la.